Ìjà Ẹbí Nínú Eré Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́: Kí Ló Dé Tí Ìlàjà Fi Máa Ń Dà Bí Irọ́?

Òǹkàwé kan kọ̀wé sí mi pé òun wo apá kan nínú eré ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ lórí tẹlifíṣàn, nínú èyí tí ọ̀gá ọlọ́pàá kan ń ṣèwádìí ikú oníṣòwò kan, tí ìwádìí náà sì gbé e dé ọ̀dọ̀ àbúrò ọkùnrin tí ọ̀gá ọlọ́pàá náà fúnra rẹ̀ ní. Ọdún 11 ni àwọn méjèèjì ti fi yan ara wọn lódì, nítorí pé àbúrò ta ilé bàbá wọn láìsọ fún ẹ̀gbọ́n, kò sì yọjú síbi ìsìnkú bàbá náà. Kí apá yìí tó parí, ẹ̀gbọ́n ti rí i pé àbúrò òun kọ́ ló pa oníṣòwò náà, ó ti mú ẹni tó pa á, àwọn méjèèjì sì ti dì mọ́ra wọn níwájú àgọ́ ọlọ́pàá. Òǹkàwé náà ní ìyàwó òun sunkún, ṣùgbọ́n inú bí òun, òun kò sì mọ ìdí rẹ̀. Ó béèrè bóyá àkókò ni kò tó wọn, tàbí òǹkọ̀wé eré náà ni kò mọ iṣẹ́. Ó tún sọ pé òun náà ń kọ irú eré bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, nípa tẹ̀gbọ́n-tàbúrò obìnrin méjì, òun sì fẹ́ mọ̀ bóyá kí òun parí ìjà wọn kí ọlọ́pàá tó mú apààyàn, tàbí lẹ́yìn tí wọ́n bá ti mú un.

Ẹ ṣeun fún ìbéèrè yìí. Ìbínú yín nídìí, àkókò kọ́ sì ni mo máa kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Ẹjọ́ méjì ló wà nílẹ̀ nínú eré tí ẹ wò. Òǹkọ̀wé dá ọ̀kan, ó wá ṣe bí ẹni pé ó ti dá méjèèjì. Ìwádìí fi hàn pé àbúrò kò pa ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe torí pé ó pààyàn ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe yàn án lódì. Ọ̀rọ̀ ilé ni, ọ̀rọ̀ ìsìnkú sì ni. Nínú gbogbo bí ẹ ṣe ròyìn apá náà fún mi, n kò rí ibi tí ẹnikẹ́ni ti béèrè iye tí wọ́n ta ilé náà, ẹni tí owó rẹ̀ bọ́ sí lọ́wọ́, tàbí ibi tí àbúrò wà lọ́jọ́ tí wọ́n ń sin bàbá wọn. Ẹ̀yin tí ẹ fetí sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ń dúró de ìdáhùn wọ̀nyẹn, ìdìmọ́ra ni wọ́n sì fi dí yín lẹ́nu.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ àkókò kì í ṣe ohun tí a lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Eré tí wọ́n ń pè ní oníwákàtí kan lórí àwọn ìkànnì Amẹ́ríkà tó ń fi ìpolówó ọjà jẹun kì í sábà ju ìṣẹ́jú 42 sí 44 lọ tí a bá yọ ìpolówó kúrò. Ti BBC ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí kì í gba ìpolówó, a máa sún mọ́ wákàtí kan gan-an. Àwọn òǹkọ̀wé eré sì máa ń ka ojú ìwé kan sí ìṣẹ́jú kan. Nínú ojú ìwé 44 wọ̀nyẹn, òkú gbọ́dọ̀ wà, afurasí àkọ́kọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ gbọ́dọ̀ wà, ẹ̀rí tó yí ọ̀rọ̀ padà gbọ́dọ̀ wà, ìmúni gbọ́dọ̀ wà. Ohun tó máa ń ṣẹ́ kù fún ẹbí kì í fi bẹ́ẹ̀ ju ìran kéékèèké mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ. Bí ìran kọ̀ọ̀kan bá gba ìṣẹ́jú kan àbọ̀, ìṣẹ́jú 6 sí 7 àbọ̀ ni wọ́n ní láti fi tú ìjà ọdún 11 palẹ̀, kí wọ́n sì tún parí rẹ̀.

Ìdí mìíràn tún wà tí òǹwòran kì í sábà ronú kàn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, owó ńlá inú eré tẹlifíṣàn Amẹ́ríkà kì í ṣe èyí tí wọ́n ń rí nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ gbé e jáde, bí kò ṣe èyí tí wọ́n ń rí nígbà tí wọ́n bá tún un tà fún àwọn iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn káàkiri láti máa fi hàn lójoojúmọ́, apá bí 100 ni wọ́n sì sábà máa ń fẹ́ kó pé kí ọjà náà tó yá. Ẹni tó bá ṣàdédé tan tẹlifíṣàn lọ́sàn-án lè bá apá 63 láìjẹ́ pé ó rí apá 62 rí. Nítorí náà, ohunkóhun tó bá dàrú nínú apá kan gbọ́dọ̀ tòrò kí apá náà tó kásẹ̀ nílẹ̀. Ìdìmọ́ra tó bí yín nínú yẹn, ọjà ló bí i. Iṣẹ́ ọnà kàn gbà á tọ́ ni. Law & Order, eré ọlọ́pàá àti agbẹjọ́rò kan ní Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1990, wá ọ̀nà tirẹ̀ gbé e gbà: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má mú wa dé ilé àwọn ọlọ́pàá rẹ̀ rárá, nítorí pé ẹbí tí a kò bá gbé wọlé kò ní di gbèsè sí wa lọ́rùn. Nísinsìnyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wo eré lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti apá kìíní dé èyí tó kẹ́yìn, ọ̀ranyàn yẹn ti dín kù púpọ̀, ṣùgbọ́n àṣà náà kò tíì kúrò lọ́wọ́ àwọn òǹkọ̀wé.

Eré kan tó gbé ẹbí sí àárín gbùngbùn láìfi irọ́ púpọ̀ kún un ni Blue Bloods, tó wà lórí ìkànnì CBS ní Amẹ́ríkà láti 2010 dé 2024. Ìdílé Reagan ní New York ni eré náà dá lé: bàbá ni kọmíṣọ́nnà ọlọ́pàá, ọmọkùnrin kan jẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, èkejì jẹ́ ọlọ́pàá, ọmọbìnrin wọn sì jẹ́ agbẹjọ́rò ìjọba tó ń gbé àwọn ọ̀daràn lọ sílé ẹjọ́. Ní ọjọ́ Sunday, gbogbo wọn máa ń jókòó yí tábìlì oúnjẹ ká, àwọn òǹwòran sì mọ̀ pé ìran náà ń bọ̀. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ mú afurasí wá, àbúrò rẹ̀ obìnrin ní ẹ̀rí kò tó, wọ́n sì gbé ìjà náà láti ọ́fíìsì wá sídìí tábìlì. Ó máa ń dùn ju bó ṣe yẹ lọ nígbà mìíràn, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é: ìjà tí wọ́n ń jà kò tóbi ju ìṣẹ́jú tí wọ́n ní lọ. Ìjà iṣẹ́ ni, ó lójú, ó nímú, kò sì sí ẹni tó máa sọ pé òun kò ní wá jẹun lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí ẹni kan bá na abọ́ sí ẹnì kejì, ó ti tó, nítorí pé okùn tó wà láàárín wọn kò já, ó dẹ̀ díẹ̀ lásán ni.

Ìjà tí okùn ti já ńkọ́? Ẹni tí kò bá tíì wo Happy Valley, eré ọlọ́pàá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, tó sì fẹ́ wò ó, kí ó fo ìpínrọ̀ yìí. Sally Wainwright ló kọ ọ́ fún BBC, ní sáà mẹ́ta tó jáde ní 2014, 2016 àti 2023, apá mẹ́fà-mẹ́fà. Catherine Cawood jẹ́ sájẹ́ǹtì ọlọ́pàá ní West Yorkshire, òun ló sì ń tọ́ ọmọ ọmọ rẹ̀, Ryan, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọ̀daràn tó fipá bá ọmọbìnrin Catherine lò pọ̀, tí ọmọbìnrin náà sì gbẹ̀mí ara rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ní sáà kẹta ni Catherine ṣàwárí pé Clare, àbúrò tirẹ̀ gan-an, wà lára àwọn tó ń mú ọmọ náà lọ kí bàbá rẹ̀ lẹ́wọ̀n láìjẹ́ kí òun mọ̀. Ó dúró níta, ó ń wo Clare nínú ilé tí wọ́n ti ń ta kọfí, ó sì pè é lórí fóònù kó tó wọlé bá a. Obìnrin tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣọ́ ọ̀daràn ń ṣọ́ àbúrò rẹ̀ bí ẹni ń ṣọ́ ọ̀daràn. Clare bẹ̀bẹ̀, ó sì tún bẹ̀bẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ kò wọ́n nínú eré yẹn rárá. Ohun tó wọ́n ni ibi tí Catherine máa gbé ẹ̀bẹ̀ náà kà. Wainwright fi ọ̀pọ̀ apá dúró tì í kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ká ní ó gbìyànjú láti parí rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kan náà ni, kò sí ẹni tó máa gbà á gbọ́.

Ìjà ọdún 11 tí ẹ ròyìn fún mi, irú ti Clare ni, kì í ṣe irú ti ìdílé Reagan. Apá kan ṣoṣo kò lè parí irú ìjà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè parí odì. Kí àwọn méjì tí wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún ọdún 11 tún padà máa sọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ kíkan ni, iṣẹ́ tó tóbi tó fún ìṣẹ́jú 44 ni. Òǹkọ̀wé eré tí ẹ wò kò ní ìtẹ́lọ́rùn pẹ̀lú ìyẹn. Ó fẹ́ ohun tí kò lówó rẹ̀ lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìran kan tí kì í sábà ṣàìsí nínú irú eré yìí ṣàpẹẹrẹ, ìyẹn yàrá tí ọlọ́pàá ti ń fọ̀rọ̀ wá afurasí lẹ́nu wò. Tábìlì kan, àga mẹ́ta, ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀, agbẹjọ́rò afurasí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ̀gbọ́n tan ẹ̀rọ, ó ka ọjọ́ àti agogo sínú rẹ̀, ó sì pe orúkọ àbúrò rẹ̀ pátá, bí ẹni pé kì í ṣe òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ náà. Ó béèrè pé, "Níbo lo wà lálẹ́ ọjọ́ náà?" Àbúrò wo ẹ̀rọ, kò wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní, "Mo dé ẹnu ọ̀nà. Mo rí mọ́tò yín níta, mo bá padà." Ẹ̀gbọ́n dákẹ́. Agbẹjọ́rò ń wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, kò rí mọ́tò kankan nínú ẹjọ́ náà. "Alẹ́ wo lò ń sọ?" Ó mọ alẹ́ tó ń sọ. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ń gba ohùn wọn sílẹ̀, ọlọ́pàá kò sì gbọ́dọ̀ gbọ́ ohun tí ẹ̀gbọ́n ti gbọ́. Ìran bẹ́ẹ̀ kò gba ìṣẹ́jú méjì, kò sí ẹni tó sunkún níbẹ̀, kò sí ẹni tó bẹ ẹnì kan, síbẹ̀ a ti mọ̀ pé ẹni tí a rò pé kò wá síbi ìsìnkú wá, ó kàn padà lẹ́nu ọ̀nà ni.

Kí òǹkọ̀wé má wá rò pé yàrá yẹn náà ni ìlàjà ti máa wáyé. Ẹni tó ń béèrè lè dìde kó máa lọ sílé, ẹni tó ń dáhùn kò lè lọ. Ìjẹ́wọ́ ni wọ́n kọ́ yàrá náà fún, ọlọ́pàá sì mọ bí a ṣe ń fa ìjẹ́wọ́ yọ lẹ́nu ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ tí a bá fà yọ lẹ́nu ènìyàn, ẹni tó fà á yọ gan-an kò ní gbà á gbọ́. Àwọn àgbà ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, yàrá ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò sì ni ìloro kóòtù. Tí ẹ bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ tẹ̀síwájú, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún àbúrò pé ó lè máa lọ, kó wá jẹ́ òun fúnra rẹ̀ ni kò dìde.

Ohun kejì tí mo ní sí eré tí ẹ wò jinlẹ̀ díẹ̀ ju èyí lọ. Eré ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ gbà gbọ́ pé tí òtítọ́ bá hàn, ara á tu gbogbo ènìyàn. Ìgbàgbọ́ yìí bá ìwádìí ìpànìyàn mu, nítorí pé ẹnì kan ló pààyàn, àwọn yòókù kò pa á. Kò bá ìjà ẹbí mu. Karl Pillemer, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Cornell, gbé ìwádìí jáde ní 2020 nípa àwọn ará Amẹ́ríkà tí wọ́n ti pínyà pẹ̀lú ẹbí wọn. Ìdá 27 nínú 100 àwọn àgbàlagbà tí wọ́n bi léèrè ló sọ pé ẹnì kan wà nínú ẹbí àwọn tí àwọn kò bá ṣe mọ́. Ó tún fọ̀rọ̀ wá àwọn tí wọ́n ti padà parí ìjà lẹ́nu wò, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì sọ pé ohun tó jẹ́ kó ṣeé ṣe ni pé àwọn jáwọ́ nínú fífẹ́ kí ẹnì kejì gbà pé bí àwọn ṣe rí ọ̀rọ̀ àtijọ́ náà ló rí. Wọn kò fẹnu kò lórí ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n fẹnu kò pé àwọn á máa bá ara àwọn ṣe lọ. Ẹ gbé èyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá ọlọ́pàá tí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an, ẹni tí kì í sinmi títí tí gbogbo ìtàn fi máa bá ara wọn mu. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe ohun tó lòdì sí iṣẹ́ rẹ̀ kó tó lè parí ìjà nílé. Ibí yìí ni ọrọ̀ irú eré yìí wà, ó sì yà mí lẹ́nu pé àwọn òǹkọ̀wé púpọ̀ máa ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹjọ́ ìpànìyàn fi ẹ̀rí tó dá àbúrò láre parí ìjà. Ẹ jẹ́ kí ó fún ọ̀kan nínú wọn láǹfààní láti san nǹkan kan. Ní ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ọlọ́pàá lágbàáyé, wọn kì í jẹ́ kí ọlọ́pàá ṣèwádìí ẹjọ́ tó kan ẹbí rẹ̀, ìdí rẹ̀ kò sì ṣòro láti mọ̀: agbẹjọ́rò ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá padà gbé lọ sílé ẹjọ́ máa sọ pé ọlọ́pàá náà yí ẹ̀rí padà nítorí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Nínú eré púpọ̀, ọ̀gá á kàn kìlọ̀ fún ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ á ṣe bí ẹni pé òun kò gbọ́, ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀. Òfin tó lè ru eré sókè ni wọ́n fi ń ṣeré bẹ́ẹ̀. Ẹ ronú nípa ẹ̀gbọ́n tó fúnra rẹ̀ gbé ẹjọ́ náà sílẹ̀, ẹjọ́ tó lè sọ ọ́ di ọ̀gá àgbà, tó sì fà á lé ẹni tí kò fẹ́ràn lọ́wọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà lè sọ lọ́la pé àbúrò rẹ̀ bọ́ nítorí pé ó ní ẹ̀gbọ́n ní àgọ́. Tàbí kó jẹ́ àbúrò ló mọ ohun tó máa fi apààyàn hàn, ṣùgbọ́n tí kò lè sọ ọ́ láìsọ ohun tó fi owó ilé bàbá wọn ṣe. Ní ọ̀nà méjèèjì, ẹnì kan pàdánù nǹkan tó níye lórí lójú rẹ̀, ẹnì kejì sì rí i. Lẹ́yìn èyí, kò pọn dandan kí ẹnikẹ́ni sọ pé òun tọrọ àforíjì.

Ẹ má wá fi èyí bá ìyàwó yín jà. Òṣèré méjì tó mọṣẹ́, tí wọ́n dì mọ́ra wọn pẹ̀lú orin tó rọra ń gòkè, máa fa omi lójú ẹnikẹ́ni, ìwé eré wọn ìbáà dára tàbí kó má dára. Àwọn ènìyàn méjì yẹn ni ó ṣe sunkún. Òǹkọ̀wé ni ẹ̀yin ń bínú sí. Ẹ̀yin méjèèjì lè jàre.

Ó wá ku ìbéèrè yín lórí eré tí ẹ ń kọ. Ìdáhùn mi ni pé kí ọwọ́ kan nà jáde kí wọ́n tó mú apààyàn, ní àkókò tí ẹ̀gbọ́n kò tíì mọ̀ bóyá ọwọ́ àbúrò rẹ̀ mọ́. Ẹni tí ẹ̀rí bá ti dá láre, kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ láti gbà á mọ́ra. Ẹni tí ẹ̀rí ṣì ń tọ́ka sí ni gbígbà á mọ́ra lówó lórí. Ní ojú ìwé 30 tàbí níbi tó bá sún mọ́ ọn, nígbà tí nǹkan burú jù lọ fún àbúrò, ni kí ẹ gbé e sí. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti mú apààyàn, ẹ fi ìran kan tí kò ju ojú ìwé kan lọ sílẹ̀ fún tẹ̀gbọ́n-tàbúrò náà, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ nípa ohun kan tí kò tíì yanjú láàárín wọn: ìwé ilé tó wà lọ́wọ́ ọ̀kan, ìyá tí ẹnì kan kò tíì lọ kí, gbèsè tí iye rẹ̀ kò tíì yé ẹnì kejì. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n bínú díẹ̀ níbẹ̀, kí àbúrò sì fèsì, nítorí pé odì ti parí, ìjà kò sì tíì parí. Ẹ kọ ìran yìí kí ẹ tó kọ ìyókù, kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ̀yin fúnra yín gbà pé wọ́n ń jà sí. Bí ìwé eré yín bá wá gùn ju ohun tí iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn fẹ́ lọ, tó sì jẹ́ pé ìdìmọ́ra kan ṣì wà ní ìparí rẹ̀, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ gé.